Míksà Soundcraft Series 600 tòkunbọ̀: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀, kí la lè pààrọ̀, kí la máa fi sílẹ̀?

AdéFédà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Míksà Soundcraft Series 600 kan ló wà nílẹ̀, oníṣánẹ́ẹ̀lì 24, láti Ìlú Ọba ló ti wá, a sì fẹ́ kó padà ṣiṣẹ́ ní sítúdíò. Àwọn àìsàn rẹ̀ nìyí: ó ń kùn lábẹ́ ohùn, ìkùn náà sì ń ga sí i nígbà tí iná ìjọba bá rẹlẹ̀. Ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ya odi pátápátá, mẹ́ta mìíràn ń kú, wọ́n tún ń jí. Fédà àti nọ́ọ̀bù ń ta pàrà-pàrà. Àwọn kan ní ká yọ gbogbo TL072 (op-amp, ìyẹn IC kékeré tó ń gbé ohùn ga) inú rẹ̀ dànù, ká fi OPA2134 rọ́pò, ká sì pààrọ̀ gbogbo kapásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná) lẹ́ẹ̀kan náà. Mítà wà lọ́wọ́, áyọ́ọ̀nù tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tó ń so ẹsẹ̀ ẹ̀yà mọ́ pánẹ́ẹ̀lì), tó ní ìdíwọ̀n ooru, wà, oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì iná hàn) àtijọ́ 20 MHz náà wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kó ṣáájú?

BàbáLẹ́ẹ̀dì

Àbúrò, má tíì fọwọ́ kan op-amp kankan o. Nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ yẹn, kò sí èyí tí op-amp fà. Ìkùn tó ń ga nígbà tí iná bá rẹlẹ̀, páwà páàkì ni. Ṣánẹ́ẹ̀lì tó ń kú tó ń jí, ibi tí irin ti ń kan irin ni: ojú insert (ihò jáàkì tí a fi ń so ẹ̀rọ mìíràn mọ́ ṣánẹ́ẹ̀lì), suwíìṣì, àti wáyà pẹlẹbẹ tó so ṣánẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì. Pàrà-pàrà fédà, ìdọ̀tí ni, tàbí kapásítọ̀ tó ti ń jò tí iná DC ń gba ibẹ̀ yọ́ kọjá. Bí o bá fi ọgọ́rùn-ún OPA2134 sí i lónìí, gbogbo àìsàn yìí á ṣì wà níbẹ̀ lọ́la, wàá sì ti fi ẹgbẹ̀rin ojú lẹ́ẹ̀dì tuntun kún ibi tí wàá ti máa wá àléébù.

Páwà páàkì ló ṣáájú. +17V, −17V àti +48V ti fántọ́ọ̀mù (iná tó ń lọ sí gbohùngbohùn) ni míksà yìí ń jẹ. Yọ okùn páwà kúrò lára míksà pátápátá, kí ó tó di pé o ṣí nǹkan kan. Fa kébù iná kúrò lára ògiri, kí o wá fi rẹsísítọ̀ 1kΩ, 5W, kan ẹsẹ̀ méjèèjì kapásítọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan, kí iná inú rẹ̀ tán. Má fi sukurudíráfà kàn án. Yóò jó ojú rẹ̀, ó sì lè jó ọ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà, wò ó dáadáa. Kapásítọ̀ tí orí rẹ̀ wú, tàbí tí omi gbígbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ wà nídìí rẹ̀, ti lọ nìyẹn. Wo ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì lábẹ́ rẹgulétọ̀ (tó ń mú fólítéèjì dúró lójú kan) àti rẹkitifáyà (tó ń sọ AC di DC): níbi tí ooru ti máa ń pọ̀, lẹ́ẹ̀dì máa ń sán ní òrùka tín-ín-rín yí ẹsẹ̀ náà ká. Ó ṣòro fojú rí, àfi kí o mú gíláàsì ìsọ-nǹkan-di-ńlá. Yọ lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kúrò níbẹ̀, fi tuntun sí i.

Nígbà tí o bá fẹ́ tan án, so gílóòbù onírin-pupa 60W mọ́ ojú wáyà iná (kì í ṣe LED o), kí iná gba inú gílóòbù kó tó dé páwà páàkì. Bí gílóòbù bá tàn yòò lẹ́ẹ̀kan, tó wá rẹlẹ̀, ó dára. Bí ó bá ń tàn yòò lọ láìdáwọ́ dúró, ohun kan ti pa ara pọ̀ nínú rẹ̀. Pa á kíákíá.

Bí ó bá yege, yọ gílóòbù, kí o wá fún un ní ẹrù tí kì í ṣe míksà. Rẹsísítọ̀ 15Ω, 50W, sí orí +17V, òmíràn sí orí −17V. Ìyẹn á fa bí 1.1A, á sì mú ooru 19W jáde lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà gbé wọn lé irin, má gbé wọn lé tábìlì onípákó. Fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí o wá wọ̀n ọ́n. DC gbọ́dọ̀ wà láàárín 16.8 sí 17.2V. Yí mítà sí AC kékeré: mílífóòtì díẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Bí oscilloscope bá fi eyín ayùn 100Hz hàn ọ́, o ti bá ìkùn rẹ nílé.

ỌmọOhm

Ọ̀gá ti sọ ibi tí ó wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń pààrọ̀ kapásítọ̀ láìmọ ìdí tí ìkùn fi ń tẹ̀lé iná ìjọba.

Ká ní tiransifọ́mà ń gbé 20V AC jáde nígbà tí iná ìjọba pé 230V. Tí a bá sọ ọ́ di DC, 20 × 1.414, ká yọ 1.4V tí dáyódù jẹ, ó ku bí 26.9V. Bí míksà bá ń fa 1.2A tí kapásítọ̀ sì jẹ́ 4,700µF, fólítéèjì orí rẹ̀ á máa wọ́ wálẹ̀ tó 2.5V kí ìgbì tó tẹ̀lé e tó gbé e dìde. Ní 230V, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí iná bá wálẹ̀ dé 180V, orí ìgbì á di 20.7V, ìdí rẹ̀ á di 18.2V. Rẹgulétọ̀ irú LM317 ń fẹ́ kí ohun tó ń wọlé fi bí 2V ju ohun tó ń jáde lọ. 17V la fẹ́ kó jáde, 19V ló sì yẹ kó kéré jù tí yóò wọlé. Kò tó. Ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, rẹgulétọ̀ á tú ọwọ́, ìkùn á bọ́ sínú ohùn.

Bí kapásítọ̀ náà bá ti gbẹ, tí 4,700 ti di 2,500µF, wíwọ́ yẹn á di bí 4.8V. Nígbà náà, 200V pàápàá á ti kùn. Ìdí nìyẹn tí míksà kan náà fi máa ń dákẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tó sì máa ń kùn ní Mushin.

Bí ẹ bá fi 10,000µF, 50V, onípele 105°C sí i, wíwọ́ náà á di 1.2V, ìdí ìgbì á sì dúró ní bí 19.5V bí iná bá tiẹ̀ wà ní 180V. Ẹ má lọ fi 47,000µF sí i pé ọ̀pọ̀ ló dára. Tiransifọ́mà àti rẹkitifáyà ni yóò gba ìyà náà nígbà tí ẹ bá tan án, fíúsì á sì máa já. Ẹ máa rántí apá kejì pẹ̀lú: bí iná bá gòkè dé 250V, ohun tó kù lórí rẹgulétọ̀ á sún mọ́ 12V, ní 1.2A ìyẹn jẹ́ ooru bí 14W. Ẹ yọ rẹgulétọ̀ kúrò lára irin rẹ̀, ẹ nu òróró àtijọ́ tó ti di ẹfun, ẹ fi tuntun sí i tín-ín-rín, ẹ rí i pé bébà máíkà kò ya.

Ojú 240V ni wọ́n sábà máa ń yí páwà páàkì ará Ìlú Ọba sí. Ẹ wọn iná àdúgbò yín ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó yí i sí 220V. Èyí tó bá sì ti Amẹ́ríkà dé, ẹ wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kì í bọ ògiri. Bí ó bá wà ní 117V, kò ní dúró sọ ohun tó ṣe é.

AdéFédà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìwọ̀n rẹ̀ rèé lábẹ́ ẹrù: +17.0V pẹ̀lú AC 2mV, −16.3V pẹ̀lú AC 40mV. +48V wà ní 47.6V. Apá òdì nìkan ló ní ìṣòro. Mo ti fẹ́ ra rẹgulétọ̀.

BàbáLẹ́ẹ̀dì

Má tíì ra rẹgulétọ̀. Wo kapásítọ̀ ńlá apá òdì ná, kí o wá wo èyí kékeré tó wà lójú àbájáde. Rẹgulétọ̀ òdì irú LM337 kò dà bí LM317. Òun ò lè dúró jẹ́ẹ́ láìsí kapásítọ̀ níwájú rẹ̀. Bí 10µF tó wà níbẹ̀ bá ti gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa gbóná, fólítéèjì á sì máa yàtọ̀. Fi 10µF sí 47µF tuntun síbẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, wáyà má gùn. Bí o ṣe pààrọ̀ ti òdì, pààrọ̀ ti rere náà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dáyé.

Ọlọ́wọ́Kánọ́ọ̀nù

Ọ̀rọ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì tó yadi ni mo fẹ́ mú. Ẹ má tíì gbé e jáde. Ẹ wá jáàkì ńlá oníta-mẹ́ta kan, ẹ so orí rẹ̀ mọ́ òrùka àárín nínú ìkòkò rẹ̀, ẹ wá kì í bọ ojú insert. Bí ohùn bá dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣánẹ́ẹ̀lì náà kò kú. Ewé irin inú insert ló ti dúdú. Gbogbo ohùn ṣánẹ́ẹ̀lì ló ń gba orí ewé yẹn kọjá nígbà tí kò bá sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn míksà ìgbà yẹn, ìdajì ṣánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní òkú, ibẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ wà.

Láti tún un ṣe: fi DeoxIT D5 (oògùn ìfọ ojú irin) díẹ̀ sí orí jáàkì, kì í bọ̀ ọ́, fà á yọ, ní ogún ìgbà. Bí ó bá tún padà kú láàárín oṣù kan, pààrọ̀ jáàkì náà. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ mú lọ sí ọjà, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀.

Suwíìṣì títẹ̀: fàdákà ló wà lójú wọn, fàdákà a sì máa dúdú. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ̀n ìgbà láìfi omi kankan sí i. Bí ó bá sàn, ẹ wá kán DeoxIT ẹyọ kan sí ihò rẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹyọ kan o! Èyí tí ẹ bá fọ́n bí ẹni ń fọ́n oògùn ẹ̀fọn á ṣàn wọ inú nọ́ọ̀bù tó wà lábẹ́ rẹ̀, á fọ gírísì inú rẹ̀ dànù, nọ́ọ̀bù á wá máa yí fàà bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. WD-40 kò gbọ́dọ̀ wọ inú míksà. Ohun tó ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn á kó eruku ọyẹ́ mọ́ra.

Fédà jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ojú ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ rọ́bà dúdú tó ń gbé iná, omi líle lè bó o. Ẹ ṣí i, ẹ fi kọ́tínì bùdù tí ẹ ti tẹ̀ bọ omi gbígbóná tó ní ọṣẹ ìfọwo ẹyọ kan nu ojú ọ̀nà náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má fi gbo ó. Ẹ fi omi mímọ́ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán. Ẹ wo ìka irin kéékèèké tó ń yọ́ lórí rẹ̀: bí irun ni wọ́n tín-ín-rín tó, wọ́n tò sára wọn. Bí ọ̀kan bá ti tẹ̀ sókè, ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ padà jẹ́jẹ́. DeoxIT Fader F5 ni ẹ fi parí rẹ̀, kì í ṣe D5.

ÌbùLójúWáyà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi wáyà pẹlẹbẹ kún un. Òun ló ń dá ọ̀pọ̀ òru mọ́ ènìyàn lójú.

Wáyà tó ń gbé iná àti ohùn láti ṣánẹ́ẹ̀lì dé ṣánẹ́ẹ̀lì jẹ́ pẹlẹbẹ, òpó kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ní ìwọ̀n 28AWG, mítà kan rẹ̀ jẹ́ bí 0.2Ω. Bí 1A bá gba orí òpó kan kọjá mítà kan, 0.2V ti sọnù. Bí ó bá jẹ́ òpó 0V ni 0.2V yìí ti sọnù, ohun tí ṣánẹ́ẹ̀lì 24 ń pè ní ẹ́ẹ̀tì (ojú 0V) kì í ṣe ohun tí ṣánẹ́ẹ̀lì 1 ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ìyàtọ̀ náà ni ẹ̀ ń gbọ́ bí ìkùn àti bí ohùn ṣánẹ́ẹ̀lì kan tó ń yọ́ wọ òmíràn.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. Ẹ tan míksà, ẹ fi òpó dúdú mítà sí ẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà páwà, òpó pupa sí ẹ́ẹ̀tì ṣánẹ́ẹ̀lì tó jìnnà jù. Bí ó bá ju 20mV lọ, ẹ tún ojú ìdè rẹ̀ ṣe. Ìdè onítẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi eyín bu wáyà jẹ ni. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, eyín náà ń tú. Fífún un pọ̀ pẹ̀lú pílíáà kì í pẹ́. Wáyà tuntun ni kí ẹ ṣe, ìdè tuntun, ẹ sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ gbọọrọ tẹ̀ ẹ́, kí ó lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Àtúnṣe kan wà tí mo gbà pé ó níye lórí ju gbogbo op-amp lọ: ẹ fa wáyà bàbà 2.5mm² sí 4mm² kọjá ẹ̀yìn gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì, láti ojú ẹ́ẹ̀tì páwà, kí ẹ sì fi wáyà kúkúrú 1mm² so ojú 0V ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ẹ ka síkímátíìkì (àwòrán ọ̀nà iná rẹ̀) dáadáa kí ẹ tó ṣe é. Ẹ́ẹ̀tì ohùn, ẹ́ẹ̀tì ara irin àti ẹ́ẹ̀tì tí mix bus (ọ̀nà tí ohùn gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì ti ń pàdé) ń lò lè jẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n pàdé ní ibì kan ṣoṣo. Ẹ fún èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lágbára, ẹ má so èyí tí wọn kò so.

Dépò_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí kapásítọ̀: mo lòdì sí ká máa kọ́kọ́ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ṣánẹ́ẹ̀lì kan bá ní bí ọgbọ̀n kapásítọ̀ olómi (electrolytic), 24 rẹ̀ jẹ́ 720. Ẹ pààrọ̀ gbogbo olómi, ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀. Kapásítọ̀ seramíìkì kéékèèké, ti pọ́lísítà àti ti polystyrene inú EQ kì í bàjẹ́ lásán. Àwọn ló sì ń fún EQ náà ní ohùn tí ẹ fi rà á.

Panasonic FC tàbí FR, Nichicon, Rubycon, gbogbo wọn dára, bí ó bá ti jẹ́ 105°C. Ní Ìlú Ọba, Farnell, RS, Mouser àti Digi-Key ló ṣeé fọkàn tán. Ẹ ra méjìdínlógójì síi ju ohun tí ẹ kà, nítorí ẹsẹ̀ á já, ọ̀kan á sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n àlàfo ẹsẹ̀ wọn. Ti òde òní kéré ju ti ìgbà náà lọ, tí ẹ bá sì fipá ya ẹsẹ̀ wọn, rọ́bà ìdí wọn á là.

Ìlànà: iye µF kan náà, fólítéèjì kan náà tàbí èyí tó ga díẹ̀. Èyí tí kò ní àmì rere àti òdì, irú rẹ̀ kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò. Èyí tó wà ní ẹnu ọ̀nà gbohùngbohùn, tó ń dí iná 48V, gbọ́dọ̀ jẹ́ 63V. Ẹ má fi 50V síbẹ̀, kò fi àyè kankan sílẹ̀.

BàbáLẹ́ẹ̀dì

Dépò, mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí olómi, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe 720 ní òòjọ́ kan. Ṣánẹ́ẹ̀lì kan ni kí ó parí pátápátá: yọ ọ́, yàwòrán rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, pààrọ̀ kapásítọ̀, dá a padà, wọ̀n ọ́n, kí o tó mú èkejì. Bí o bá yí ọ̀kan sódì, ṣánẹ́ẹ̀lì kan ni yóò bàjẹ́. Bí o bá yọ gbogbo wọn pọ̀, àṣìṣe kan ṣoṣo lè wà ní ibi mẹ́rìnlélógún.

Fi ṣánẹ́ẹ̀lì 24 sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án títí iṣẹ́ yóò fi parí. Òun ni ẹlẹ́rìí rẹ. Bí ẹnìkan bá ní ohùn ti yí padà, ẹ fi ohùn kan náà gba ṣánẹ́ẹ̀lì 1 àti 24 kọjá, ẹ gbọ́ ọ.

Nípa yíyọ: kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun díẹ̀ kún ti àtijọ́ lórí ẹsẹ̀ náà, á yọ́ dáadáa. Lẹ́ẹ̀dì 63/37, 0.7mm, áyọ́ọ̀nù ní bí 350°C. Bí ojú bàbà bá ń gbé sókè, ooru ti pọ̀ jù tàbí o ń fà á kó tó yọ́. Má fà á rárá. Kí ó jábọ́ fúnra rẹ̀. Fi ọtí IPA 99% àti bíróṣì ìfọyín nu òdà tó kù lẹ́yìn.

AdéFédà

Ẹ̀yin ọ̀gá, ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n op-amp ńkọ́? Ṣé ká má fọwọ́ kàn án rárá ni?

ỌmọOhm

Ẹ fọwọ́ kàn án níbi tó ti lérè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. TL072 kan ń jẹ bí 2.8mA. NE5532 tàbí OPA2134 ń jẹ bí 8mA. Ká ní mẹ́fà ló wà nínú ṣánẹ́ẹ̀lì kan: 144 ni gbogbo rẹ̀. TL072 á fa bí 0.4A, NE5532 á fa bí 1.15A. Ẹ ti fi 0.75A kún ẹrù ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú +17V àti −17V, ìyẹn ooru bí 25W síi nínú àpótí míksà, ìyẹn kí a tó ka ti rẹgulétọ̀. Ẹ padà lọ wo ìṣirò ìkùn tí mo ṣe lókè, ẹ óò rí ibi tí èyí ń gbé yín lọ.

Èkejì: ẹnu ọ̀nà NE5532 máa ń fa iná bí 200nA. Bí rẹsísítọ̀ 100kΩ bá wà níbẹ̀, 20mV DC ti dé. TL072 kò fa èyí tó ṣeé kà. Nítorí náà nọ́ọ̀bù tí kò ta pàrà rí lè bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà lọ́jọ́ tí ẹ fi op-amp “tó dára jù” sí i. Ọ̀rọ̀ tí ń bí mi nínú jù nìyẹn: wọ́n á ní nọ́ọ̀bù ló ti gbó, wọ́n á sì rán ènìyàn lọ rà á.

Ibi tó lérè ni op-amp tó ń kó gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì pọ̀. Bí rẹsísítọ̀ 10kΩ 24 bá ń wọ ibẹ̀ tí ti ìdápadà (feedback) sì jẹ́ 10kΩ, ó ń sọ ariwo ara rẹ̀ di ìlọ́po 25, ìyẹn 28dB. Ariwo TL072 jẹ́ 18nV/√Hz; láàárín ìgbì ohùn tó fẹ̀ tó 20kHz, yóò jáde ní bí −82dBu (dBu ni ìwọ̀n ipele ohùn). NE5534A, pẹ̀lú ariwo bí 4nV/√Hz, tí a bá ka ti rẹsísítọ̀ mọ́ ọn, á jáde ní bí −93dBu. 11 sí 12dB ni ẹ jèrè, pẹ̀lú op-amp díẹ̀ péré. Ẹ wo síkímátíìkì kí ẹ tó ra nǹkan: bí 5534 bá ti wà níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí ẹ bá fi NE5534 rọ́pò TL071, ẹ fi 22pF sí àárín ẹsẹ̀ 5 àti 8. Láìsí i, kò dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ìlọ́po bá kéré sí 3. Gbogbo èyí tí ẹ bá pààrọ̀, 100nF seramíìkì láti ẹsẹ̀ iná rere sí ti òdì, lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, kó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ẹ wá gbé oscilloscope lé e láìfi ohùn sí i. Bí ìlà náà bá nípọn bí okùn bàtà, tí op-amp sì gbóná débi pé ìka kò lè dúró lórí rẹ̀, ó ń gbọ̀n. 22pF sí 47pF lórí rẹsísítọ̀ ìdápadà sábà máa ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ohun kan síi nípa 17V: òpin tí TL072 lè gbà jẹ́ 18V ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 17V géérégé sì ni òpin ibi tí wọ́n ní kí LM4562, op-amp mìíràn, ti máa ṣiṣẹ́. Má fi LM4562 sínú míksà yìí bí o kò bá ní dín páwà kù sí 16V tàbí 15V.

ÌbùLójúWáyà

Ẹ kíyè sí ayédèrú o. NE5532 àti LM4562 ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ẹ wọn iye iná tó ń jẹ kí ẹ tó fi wọ́n sí i: NE5532 tó ń jẹ 2mA kì í ṣe NE5532. Bí ẹ bá fẹ́ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì IC sí i, èyí oníhò róbótó tí a gbẹ́ ni. Oníwéé pẹlẹbẹ náà, ooru àti ọ̀rinrin etí òkun á mú un kí ọdún tó yí.

Ọlọ́wọ́Kánọ́ọ̀nù

Fántọ́ọ̀mù ṣẹ́kù. Lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn rẹsísítọ̀ 6.8kΩ méjèèjì tó ń gbé 48V lọ sí ẹsẹ̀ 2 àti 3 kánọ́ọ̀nù (ojú XLR gbohùngbohùn). Kì í ṣe iye gan-an ló ṣe pàtàkì jù, bí kò ṣe kí méjèèjì bára wọn mu láàárín 0.4%, ìyẹn bí 27Ω. Bí wọn kò bá dọ́gba, ìkùn tí wáyà gbohùngbohùn gbé wá láti ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ kò ní pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ ra rẹsísítọ̀ 1% ọgọ́rùn-ún kan, ẹ fi mítà yàn wọ́n ní méjì méjì. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ óò sì gbọ́ ọ.

AdéFédà

Ìbéèrè ìkẹyìn: mítà VU òsì àti ọ̀tún kò dọ́gba. Èwo ni mo máa yí?

BàbáLẹ́ẹ̀dì

Má yí èyíkéyìí kó tó di pé páwà àti kapásítọ̀ parí. Lẹ́yìn náà, tan míksà fún wákàtí kan kó gbóná dáadáa. Rán 1kHz wọlé, gbé fédà títí 1.228V AC á fi wà lójú àbájáde òsì lórí mítà ọwọ́ rẹ, +4dBu nìyẹn. Ọ̀tún gbọ́dọ̀ fi iye kan náà hàn. Bí kò bá fi hàn, ọ̀rọ̀ pan tàbí fédà ni, kì í ṣe ti mítà VU. Nígbà tí méjèèjì bá bára mu lójú àbájáde, ìgbà náà ni kí o wá yí sukuru kékeré ẹ̀yìn mítà kọ̀ọ̀kan títí abẹ́rẹ́ á fi dúró lórí 0.

Nígbà tí o bá ń dá ṣánẹ́ẹ̀lì padà, ìlà pupa ẹ̀gbẹ́ wáyà pẹlẹbẹ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹsẹ̀ 1 ní gbogbo ìdè. Bí ó bá sódì níbì kan, −17V lè bọ́ sí ibi tí +17V ti yẹ kó wà. Ka gbogbo wọn láti ọ̀kan dé 24 kí o tó fọwọ́ kan suwíìṣì páwà, kí o sì dá gílóòbù 60W yẹn padà sójú ọ̀nà iná fún títan àkọ́kọ́.